Wayanad: Àpò Oúnjẹ Dé, Ilẹ̀ Ò Dé

Ìbò ku ọ̀tunla. Ní Sulthan Bathery, ìlú kan lórí òkè Wayanad ní ìpínlẹ̀ Kerala, lápá gúúsù Íńdíà, àwọn ọlọ́pàá ká àpò oúnjẹ bí 1,500 mọ́ inú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni. Wọ́n tú àpò wò: ṣúgà, ewé tíì, bísíkíìtì, irú ẹrù tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ìsọ̀. Àmọ́ wọ́n bá ewé betel, hóró areca àti tábà nínú àwọn kan. Ewé àti hóró yìí làwọn àgbà ibẹ̀ máa ń jẹ lẹ́nu, bí àwọn bàbá wa ṣe ń jẹ obì. Olóṣèlú wo ló máa di tábà fún olóko kọfí? Kò sí orúkọ lára àpò, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ ilé tó ń lọ: àdúgbò àwọn Adivasi, àwọn tó ti wà nínú igbó yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbin tíì síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní BJP, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Íńdíà, ló ni ẹrù. BJP sẹ́ kanlẹ̀. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. A kúkú ní orúkọ tí à ń pè é nílé, dìbò kí o sebẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọkùnrin mẹ́rin tó gbé ìbọn jáde láti inú igbó wá sí Kambamala, oko tíì ìjọba kan nítòsí Mananthavady. Maoist ni wọ́n, àwọn Kọ́múníìsì tó ń fi ìbọn bá ìjọba jà. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ má lọ dìbò, pé ìbò ò ṣe wọ́n lóore rí. Àwọn ará ibẹ̀ ò sá. Wọ́n dúró, wọ́n bá wọn jiyàn lójú títì. Àwọn òṣìṣẹ́ oko yìí fúnra wọn, Tamil tí wọ́n kó wálé láti Sri Lanka ni wọ́n, ìjọba ló dá oko náà sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè ríbi dúró.

Ẹnì kan ń gbé àpò bọ̀ pé dìbò, ẹnì kejì gbé ìbọn dání pé má dìbò. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí ni bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn Adivasi Wayanad ń sọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ṣe ń bá ìbò rìn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá tí kò sì tíì ti ibẹ̀ rí ojútùú. Kì í ṣe pé wọn ò dìbò. Wọ́n ń dìbò. Kì í ṣe pé wọn ò ní aṣòfin. Wọ́n ní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Wayanad ní ọdún 2019, nígbà tí Rahul Gandhi ti ẹgbẹ́ Congress, tí bàbá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀ ti jẹ olórí ìjọba Íńdíà, sọ pé òun máa du ìjókòó ilé aṣòfin Delhi láti ibẹ̀. Àwọn alátakò ní ẹ̀rù Amethi ló ń bà á, ẹkùn ìdìbò ìdílé wọn ní àríwá, níbi tí Smriti Irani ti BJP ti ń mú un láyà pami. Bóyá ẹ̀rù ni o, bóyá ọgbọ́n ni, ó ṣiṣẹ́. Ìbò 55,120 ni Irani fi là á ní Amethi. Ní Wayanad, Rahul fi 431,770 borí.

Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á rò pé gbogbo orí òkè ló tú jáde fún un. Ẹkùn ìdìbò Wayanad kì í ṣe òkè Wayanad nìkan. Nígbà tí wọ́n tún ààlà fà ní ọdún 2008, wọ́n kó àgbègbè méje pọ̀ mọ́ra. Mẹ́ta péré ló wà lókè: Mananthavady, Sulthan Bathery àti Kalpetta. Mẹ́rin tó kù wà nísàlẹ̀, Thiruvambady ní Kozhikode, Eranad, Nilambur àti Wandoor ní Malappuram, níbi tí Muslim League, alájọṣe Congress, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ìrókò. Olùdìbò nǹkan bí 1,460,000 ló wà nínú ìwé ní 2024, àwọn tó ń gbé òkè ò sì tó ìdajì. Ètò ìkànìyàn 2011 ka ènìyàn 817,420 sí àgbègbè Wayanad fúnra rẹ̀, 151,443 nínú wọn jẹ́ Adivasi. Ìyẹn lé díẹ̀ ní 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gbogbo Kerala lápapọ̀, wọn ò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ìjókòó Adivasi kankan nínú 20 tí Kerala ní ní Delhi. Nínú 140 tó wà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, méjì péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, Mananthavady àti Sulthan Bathery.

Ilẹ̀ ọ̀hún

Adivasi kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa Wayanad ti máa ń kọsẹ̀. Paniya ló pọ̀ jù. Kurichiya wà, Kuruma wà, Kattunaikka tó ń fi oyin igbó jẹun wà, Adiya náà wà. Kurichiya ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ro láti ayébáyé. Tafàtafà ni wọ́n. Àwọn ló ta ọfà fún Pazhassi Raja nígbà tó ń bá East India Company, ilé iṣẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, jà, títí tí ọba náà fi kú ní 1805. Orúkọ Adiya, ẹrú ló túmọ̀ sí. Orúkọ Paniya, òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń di òṣìṣẹ́. Ojúbọ òrìṣà obìnrin kan wà ní Valliyoorkavu, nítòsí Mananthavady. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ń ṣe ọdún rẹ̀, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ibẹ̀ ni onílẹ̀ ti máa ń wá mú àwọn tó máa bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Á fi owó díẹ̀ sí ọwọ́ olórí ìdílé kan, nilpu panam ni wọ́n ń pè é, owó ìdúró. Onítọ̀hún á búra níwájú òrìṣà, òun, ìyàwó àti ọmọ sì ti di ti onílẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Ìrẹsì nínú òṣùwọ̀n ni owó iṣẹ́. Àwa tí a mọ ìwọ̀fà, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa. Síbẹ̀ ìwọ̀fà ní gbèsè tó ń sìn, ọjọ́ tó bá san án tán ó ń lọ ilé. Ní Valliyoorkavu, ọdún á tún yí ni, òrìṣà náà á sì tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí òfin Íńdíà ọdún 1976 jáde ni wọ́n tó fòfin dè é, àwọn tó ti ojúbọ yẹn lọ sóko olówó wà láyé di òní.

Òyìnbó ti gbin kọfí àti tíì sórí òkè láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti nǹkan bí 1940 ni àwọn àgbẹ̀ Travancore, lápá gúúsù Kerala, púpọ̀ nínú wọn Kristẹni, tún wá ń gun òkè nítorí àìrílẹ̀ àti ebi ìgbà ogun. N kì í bá àwọn tó ń pe àwọn àgbẹ̀ yìí ní olè lọ. Tálákà ni wọ́n, ibà pa wọ́n, erin jẹ oko wọn. Àmọ́ ìwé wà lọ́wọ́ wọn tàbí wọ́n mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe é. Paniya ò ní ìwé; ohun tó ní ni pé bàbá bàbá rẹ̀ ti ń wa iṣu igbó níbẹ̀. Ilẹ̀ ń lọ fún tábà, fún ọtí, fún owó tí kò tó nǹkan, tàbí fún ìhalẹ̀ lásán. Ibi tí oko ò bá kàn, ìjọba ti sọ ọ́ di ìgbó ọba.

Kerala ní orúkọ ńlá nípa àtúntò ilẹ̀. Ìjọba Kọ́múníìsì tí wọ́n dìbò yàn ní 1957 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, K. R. Gowri Amma, obìnrin mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló gbé àbádòfin náà wọlé. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ di ẹni tó nilẹ̀. Ohun tí àwọn oníyìn kì í sábà fi kún un ni pé wọ́n yọ oko tíì, kọfí àti rọ́bà sílẹ̀ nínú òfin tó sọ iye ilẹ̀ tí ẹnì kan lè ní mọ. Paniya kì í sì í ṣe ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fi ìrẹsì sanwó iṣẹ́ fún ni. Nígbà tí ilẹ̀ pín, ààyè ilé ló kàn án.

Ìbínú yẹn ló gbé A. Varghese dé Wayanad, ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó wá ń bá Adiya àti Paniya jà fún owó iṣẹ́, tó sì di Naxalite, Kọ́múníìsì tó ń fi ohun ìjà jà, níkẹyìn. Wọ́n pa á ní igbó Thirunelli ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1970. Ọlọ́pàá ní ìjà ìbọn ló pa á. Ọdún 28 ló gbà kí ọlọ́pàá kan tó jẹ́wọ́ pé wọ́n pàṣẹ fún òun láti yìnbọn fún un lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ní 2010, ilé ẹjọ́ rán ọ̀gá ọlọ́pàá tó pàṣẹ yẹn, tó ti fẹ̀yìn tì, sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹyọ ìbò kan

Ní 1975, ilé aṣòfin Kerala ṣe òfin pé kí ilẹ̀ Adivasi tó ti bọ́ sọ́wọ́ àlejò láti 1960 padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òfin tó dáa ni. Wọ́n gbé e sí àpótí. Ìlànà tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò jáde títí di 1986, ọdún mọ́kànlá gbáko. Nígbà tó jáde náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Dókítà kan tó ń gbé ní Wayanad ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ní 1993 ilé ẹjọ́ gíga sì fún ìjọba ní oṣù mẹ́fà péré láti dá ilẹ̀ padà. Ìjọba bẹ̀bẹ̀ fún àkókò. Ó tún bẹ̀bẹ̀.

Ní 1996 wọ́n wá ojútùú mìíràn: wọ́n pa òfin náà dà. Wọn ò ní dá ilẹ̀ padà mọ́. Ohun tí ìgbà yẹn fi yàtọ̀ ni pé ní ìpínlẹ̀ tí Congress àti Kọ́múníìsì kì í ti gbà fúnra wọn lórí ohunkóhun, tí ẹnì kan bá ní ọ̀sán ni ẹnì kejì á ní òru ni, gbogbo wọn panupọ̀. Nínú ilé ẹlẹ́ni 140 yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun ò gbà: K. R. Gowri Amma, obìnrin ọdún 1957 yẹn kan náà, tó ti di àgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti lé dànù.

Èmi rò pé ìbò ọjọ́ yẹn ṣàlàyé Wayanad ju gbogbo ìbò tí wọ́n ti dì lórí òkè náà lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó wá láti ìsàlẹ̀ wà káàkiri ẹkùn ìdìbò púpọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn àti ìwé ìròyìn wọn ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó bá bí wọn nínú á pàdánù ìjókòó mẹ́wàá. Adivasi ní ìjókòó méjì, ẹgbẹ́ ńlá ló sì ń mú ẹni tó máa jókòó níbẹ̀. Kò sí aṣòfin tó kórìíra Adivasi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kàn mọ ìṣirò ni.

Ààrẹ Íńdíà kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Wọ́n tún un kọ ní 1999, wọ́n ní ilẹ̀ tí kò bá ju hẹ́kítà méjì lọ á dúró sọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀, ìjọba á sì wá ilẹ̀ mìíràn fún Adivasi tó ni ín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí èyí ní 2009. Ilẹ̀ mìíràn yẹn ni gbogbo ìjà tó tẹ̀ lé e.

C. K. Janu, obìnrin Adiya láti ẹ̀bá Mananthavady, ọmọdé ló wà tó ti ń ṣiṣẹ́ oko. Ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ló fi mọ̀wé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, lẹ́yìn tí ebi ti pa àwọn Adivasi kan kú, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Thiruvananthapuram, olú ìlú, wọ́n sì kọ́ ahéré síwájú ilé ìjọba. Ahéré gidi, ti ewé àti igi, ní àárín ìlú, níbi tí ọkọ̀ mínísítà ń gbà kọjá. Ọjọ́ 48 ni wọ́n fi sùn níbẹ̀. A. K. Antony, olórí ìjọba ìpínlẹ̀, ti Congress, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: éékà kan sí márùn-ún fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tí kò nílẹ̀.

Ọdún yí, ilẹ̀ ò yọjú. Ní oṣù kìíní 2003, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìdílé kó wọ igbó Muthanga, wọ́n ní ilẹ̀ baba àwọn ni àwọn padà sí. Ìjọba ní ọgbà ẹranko ni. Ohun tí ojú rí níbẹ̀ ni eucalyptus, tí wọ́n gbìn fún ilé iṣẹ́ Gwalior Rayons ní Mavoor, igi tí ẹranko kankan ò jẹ. Ní ọjọ́ 19, oṣù kejì, ọlọ́pàá wọ igbó náà, wọ́n yìnbọn. Jogi, Adivasi kan, kú. Ọlọ́pàá kan náà kú. Wọ́n kó Janu, wọ́n lù ú, àwòrán rẹ̀ tó jáde pẹ̀lú ojú wíwú ṣì wà lójú ọ̀pọ̀ ará Kerala.

Ta ni wọ́n ń fà kalẹ̀?

Kí lẹni tó ti kọ́ ahéré, tó ti gba igbó, tó ti lẹ̀wọ̀n, tún máa ṣe? Janu dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 2016 ó du Sulthan Bathery lábẹ́ àjọṣe BJP. Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé e láti Muthanga, púpọ̀ nínú wọn yarí: Janu, lọ́dọ̀ BJP? Ìdáhùn rẹ̀ kò le: Congress yìnbọn, Kọ́múníìsì tàn wá, ta ló kù? Ìbò 27,920 ló ní, ipò kẹta. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2018, ó padà ní 2021, ìbò rẹ̀ sì wá sí nǹkan bí 15,000. Ó tún ti fi wọ́n sílẹ̀ ní 2025. Ó rọrùn láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan sì ń ṣe é. Èmi ò rí ohun tó yani lẹ́nu nínú kí ẹni tí wọn ò gbà sílé ọ̀tún máa kan ilẹ̀kùn ilé òsì.

Ìjókòó méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ńkọ́? Ní 2011, P. K. Jayalakshmi ti Congress wọlé ní Mananthavady, ó sì di obìnrin Adivasi àkọ́kọ́ tó ṣe mínísítà ní Kerala. Ní 2016, O. R. Kelu ti CPM, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó tóbi jù ní Kerala, fi ìbò 1,307 gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Sulthan Bathery, I. C. Balakrishnan ti Congress ló wọlé ní 2011, 2016 àti 2021. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Kurichiya ni wọ́n. Kò burú, ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì mọ iṣẹ́. Àmọ́ Kurichiya ni ẹ̀yà tó ní oko, tó rán ọmọ lọ síwèé tipẹ́, tó lè dúró nípàdé ẹgbẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Paniya tó pọ̀ jù, tí kò nílẹ̀, tó bá lọ sípàdé lónìí, kò sí owó iṣẹ́ òní nìyẹn.

Ní oṣù kẹta 2021, BJP kéde orúkọ ọ̀dọ́kùnrin Paniya kan pé òun ni àwọn fà kalẹ̀ ní Mananthavady. Ó ti gba oyè MBA, ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti gbọ́ pé òun ti di olùdíje. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: láàárín ẹ̀yà tó pọ̀ jù nínú Adivasi Kerala, ẹgbẹ́ ńlá rí ẹnì kan tó kàwé, kò sì sí ẹni tó rántí bi í léèrè. Ó dúpẹ́ pé wọ́n rántí ẹ̀yà òun, ó ní òun ò ṣe, iṣẹ́ òun àti ìdílé òun tó òun. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kelu fúnra rẹ̀ di mínísítà ní oṣù kẹfà 2024. Ẹni tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀, K. Radhakrishnan, ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ Adivasi àti Dalit (àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́ látijọ́), tẹ́ńpìlì ìpínlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin pọ̀. Nígbà tó kan Kelu, wọ́n yọ tẹ́ńpìlì fún ẹlòmíràn, wọ́n yọ ilé aṣòfin fún ẹlòmíràn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Adivasi àti Dalit lé e lọ́wọ́. Àwọn alátakò pariwo. Ìjọba ní kò tíì ní ìrírí tó. Iṣẹ́ tí Radhakrishnan ṣe kẹ́yìn kó tó lọ ni pé ó pàṣẹ kí wọ́n má pe ibùgbé Adivasi ní "colony" mọ́ nínú ìwé ìjọba, ọ̀rọ̀ náà ń tẹ́ ènìyàn. Kí wọ́n máa pè é ní nagar tàbí orúkọ mìíràn tó bá wù wọ́n. Mo fara mọ́ ọn. Ìlẹ̀kùn kò tíì sí lára àwọn ilé kan níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Ìdílé Gandhi àti òkè tó ya lulẹ̀

Ọ̀rọ̀ Rahul, kí n sáré sọ ọ́, torí òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Wọ́n yọ ọ́ nílé aṣòfin ní oṣù kẹta 2023 lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ Surat dá a lẹ́bi ìbanilórúkọjẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ìdájọ́ náà dúró, ó padà ní oṣù kẹjọ. Ní 2024 ó tún fi 364,422 borí Annie Raja ti CPI, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì kejì, ní Wayanad. Ó wọlé ní Rae Bareli pẹ̀lú, ó mú Rae Bareli, ó fi Wayanad sílẹ̀ fún Priyanka, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ohun tí gbogbo olùdíje máa ń sọ lórí òkè ni ọ̀nà inú igbó Bandipur tó lọ sí Karnataka, tí wọ́n ń tì láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ nítorí ẹranko. Ilé ìwòsàn ńlá. Ọkọ̀ ojú irin. Àti erin tó ń pa ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹni tó ní ọkọ̀ ni ọ̀nà òru ń ká lára. Ti ẹranko nìkan ló kan gbogbo wọn, ó sì tún ní bó ṣe ń mú ènìyàn: obìnrin tí ẹkùn pa nítòsí Mananthavady ní oṣù kìíní 2025, Adivasi ni, kọfí ló ń lọ ká, nínú oko tí ìjọba dá sílẹ̀ láti fi tún ayé Adivasi ṣe.

Kí ìbò Priyanka tó dé, òkè ya. Òru ọjọ́ 30, oṣù keje, 2024, ẹrẹ̀ àti òkúta wá láti òkè Punchirimattam, wọ́n gba Mundakkai àti Chooralmala kọjá. Ó lé ní 250 ènìyàn tó kú. Ibẹ̀ ni paadi wà, ilé onílà gígùn tí ilé iṣẹ́ tíì kọ́ fún òṣìṣẹ́, yàrá sára yàrá, tí ìdílé ń gbé láti ìran dé ìran láìní bíríkì kan tó jẹ́ tiwọn.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, wọ́n dìbò. Àwọn tó là á já ti fọ́nká sílé àyágbé káàkiri àgbègbè, ìjọba fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kó wọn padà wá. Àwọn aládùúgbò tí kò tíì fojú kanra láti òru yẹn pàdé lórí ìlà ìbò. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n na ìka fún dúdú ìbò, wọ́n tẹ ẹ̀rọ. Priyanka fi 410,931 borí. Ó ju iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi borí ní oṣù kẹrin lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó jáde dìbò ti dínkù, láti nǹkan bí 73 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 65.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá àgbà Adivasi kan kú ní ẹ̀gbẹ́ Mananthavady, ní àgbègbè mínísítà Kelu gan-an. Wọ́n wá ọkọ̀ agbókùú títí, kò dé. Wọ́n fi ẹní ká òkú náà, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márùwá, ó gùn ju kẹ̀kẹ́ lọ, apá kan yọ síta bó ṣe ń lọ síbi ìsìnkú. Ẹnì kan ya fídíò rẹ̀. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ kékeré kan dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ìjọba ti wá ilẹ̀ fún àwọn tí òkè ya lù. Ilé ẹjọ́ gíga fọwọ́ sí i ní ìparí 2024, ní oṣù kẹta 2025 wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ìlú tuntun lélẹ̀ lórí oko tíì Elstone ní Kalpetta, hẹ́kítà 64, Priyanka náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000 níbùú-lóòró, lórí ilẹ̀ sẹ́ǹtì méje (ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ló wà nínú éékà kan) tó máa jẹ́ ti onílé. Láti ọjọ́ tí òkè ya sí ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, oṣù mẹ́jọ. Ilé iṣẹ́ tíì náà ní owó tí wọ́n san kéré, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n katakata wọ oko ní 2025, wọ́n hú igi tíì.